Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á: Ṣé Bẹ́ẹ̀ Náà Ni Hẹ́dífóònù?

Àwọn àgbà wa ló sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Lórí ọ̀rọ̀ ẹran, ẹja àti epo pupa, òwe yẹn kì í tàsé. Àmọ́ tí a bá gbé e dé orí hẹ́dífóònù ńkọ́? Ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ óò rí èyí tí wọ́n so rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí owó rẹ̀ kò tó oúnjẹ ọ̀sán ẹni méjì. Ẹ óò tún rí èyí tó wà nínú páálí dídán, tí ẹ máa gbọ́ iye rẹ̀ tí ẹ máa rọra dá a padà sáyè rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń sọ iná di ohùn, wọ́n sì ń gbé ohùn náà sí wa létí. Kí ló wá fà á tí owó wọn fi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ni etí wa ń gbọ́ ìyàtọ̀ owó yẹn, àbí ojú wa nìkan ló ń rí i?

Mo ń ṣe másítàs nínú físíìsì. Owó lẹ́sìnnì tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nírọ̀lẹ́ ni mo fi ń ra dátà, òun náà ni mo fi ń ra gáàsì. Hẹ́dífóònù tí ọkàn mi fà sí ni Sony WH-1000XM5. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2022, nǹkan bíi dọ́là 400 ni. Tí ẹ bá sọ iye yẹn di náírà, ẹ óò mọ ìdí tí mo fi kọ́kọ́ jókòó ṣírò. Dípò kí n máa bi àwọn tó ń tà á léèrè, mo ní kí n bi ìmọ̀ tí mo ń kọ́ léèrè: kí ni owó yìí máa rà fún mi gan-an?

AWỌ, WÁYÀ ÀTI ÒÒFÀ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìró kì í ṣe nǹkan mìíràn ju kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n lọ. Tí onílù bá fi kọ̀ǹgọ́ lu dùndún, awọ ìlù á wọlé, á jáde, á sì máa ti afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn náà á ti èyí tó wà níwájú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dé etí wa. Iye ìgbà tí nǹkan bá gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan la ń fi Hertz kà, a sì máa ń kọ ọ́ ní Hz. Tó bá gbọ̀n nígbà ọgọ́rùn-ún, 100 Hz nìyẹn. Bí iye náà bá kéré, ohùn á wà nísàlẹ̀ bíi ti ìyá ìlù. Bó bá pọ̀, ohùn á lọ sókè bíi ti agogo.

Hẹ́dífóònù náà ní awọ tirẹ̀. Ike tín-ín-rín ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Wáyà tí wọ́n ká róbótó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, òòfà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà náà. Iná tó ń ti fóònù bọ̀ á máa lọ síwá-sẹ́yìn nínú wáyà, òòfà á máa tì í, á sì tún máa fà á. Bí wáyà bá ṣe ń lọ ni awọ ṣe ń tẹ̀ lé e. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe íapíìsì olówó pọ́ọ́kú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ hẹ́dífóònù olówó ńlá.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní planar magnetic, wọn kì í ká wáyà sẹ́yìn awọ. Ara awọ gan-an ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, kí òòfà lè ti gbogbo awọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú irú kejì, tí wọ́n ń pè ní electrostatic, kò sí wáyà ká-ká, kò sì sí òòfà. Awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ló wà láàárín irin méjì, iná tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún fólìtì ló sì ń jẹ́ kó gbọ̀n. Iná tí ilé-iṣẹ́ Stax ti ilẹ̀ Japan ń fi sára awọ tiwọn tó fólìtì 580. Ọba wọn pátápátá ni HE 1 tí Sennheiser ti ilẹ̀ Jámánì kéde ní 2015: ó ju dọ́là 50,000 lọ, òkúta mábù láti Carrara ní Ítálì ni wọ́n sì fi ṣe ilé ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, hẹ́dífóònù ni mo ń sọ, kì í ṣe mọ́tò.

Èrè àwọn irú méjì yìí ni pé awọ wọn fúyẹ́, torí náà ó lè tẹ̀ lé iná láìfi àfikún tirẹ̀ kún un. Òótọ́ ni. Àmọ́ onírú wáyà àti òòfà tí wọ́n bá ṣe dáadáa ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn débi pé àfikún tó ń fi sínú ohùn kéré ju ohun tí etí lè fura sí nínú orin. Ohun tí etí ń tètè mọ̀ ni bóyá hẹ́dífóònù gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè jáde ní ìwọ̀n tó yẹ. Ó dà bí iyọ̀, ata àti epo nínú ọbẹ̀. Kì í ṣe bí ìkòkò ṣe wọ́n tó ló ń pinnu bí iyọ̀ ṣe máa tó.

OHUN TÍ ETÍ Ń GBỌ́, ÀTI OHUN TÍ ỌPỌLỌ Ń FI KÚN UN

Etí ọmọ ènìyàn tó dá ṣáṣá ń gbọ́ láti nǹkan bíi 20 Hz dé 20,000 Hz. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè ni òkè náà ń já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í gbọ́ ohun tó bá ti kọjá 15,000 Hz dáadáa mọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ara páálí hẹ́dífóònù olówó ńlá, ẹ óò rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń dé 40,000 Hz. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Àdán ni.

Àwọn tó ń ta ohun èlò orin máa ń sọ pé bí a kò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ, a máa ń mọ̀ ọ́n lára. Àwọn méjì kan, Meyer àti Moran, dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n lo orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó ga ju ti CD lọ. Wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ bó ṣe wà, wọ́n tún jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé ìwọ̀n CD, wọn kò sì sọ èwo ni èwo. Nínú ìgbà 554 tí wọ́n dán an wò, ìgbà 276 ni wọ́n gbà á. Ẹni tó bá ń ju owó ẹyọ sókè, tó ń sọ pé orí ni tàbí ìrù ni, irú iye tó máa gbà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn ohùn dídára àti àwọn tó ń fi i ṣiṣẹ́ ṣe jẹ́ wà lára wọn o.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwa tí a ń sọ Yorùbá tètè lóye ju ẹlòmíràn lọ. Àmì ohùn ni èdè wa fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Gíga àti ìlọsílẹ̀ ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ohùn ọkùnrin tó bá ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín nǹkan bíi 85 sí 180 Hz. Àmọ́ tẹlifóònù ayé àtijọ́ kì í gbé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 300 Hz kọjá rárá. Ìyẹn ni pé ìpìlẹ̀ ohùn tó gbé àmì náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló dé tí bàbá yín fi lè pè yín pé ọkọ̀ ti bàjẹ́, tí ẹ kò sì gbọ́ ọ sí ọkọ́?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohùn kì í dá rìn. Tí ìpìlẹ̀ ohùn bá jẹ́ 120 Hz, ó máa ń kó àwọn ọmọ lẹ́yìn: 240, 360, 480, 600, bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹlifóònù gé 120 àti 240 kúrò, àmọ́ 360, 480 àti 600 dé. Ọpọlọ wo àlàfo tó wà láàárín wọn, ó rí i pé 120 ni, ó sì fi ohùn tó sọnù náà padà sípò fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí íapíìsì kékeré fi lè jẹ́ kó dà bíi pé béèsì wà níbi tí kò sí.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ọpọlọ kì í gba ohùn kalẹ̀ bí agbọ̀n lásán. Ó ń ṣírò, ó ń fi kún un, ó ń yọ kúrò. Lára ohun tó sì ń fi sínú ìṣirò rẹ̀ ni iye tí a sọ fún un pé nǹkan náà jẹ́.

Ní 2008, Hilke Plassmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìdánwò kan jáde lórí wáìnì. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní wáìnì mu nígbà tí ẹ̀rọ ń ya àwòrán bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wáìnì kan náà ni wọ́n pè ní dọ́là 10 nígbà kan, tí wọ́n pè ní dọ́là 90 nígbà mìíràn. Èyí tí wọ́n pè ní dọ́là 90 ló dùn jù lẹ́nu wọn. Wọn kò purọ́ o: apá ọpọlọ tó jẹ mọ́ ìgbádùn náà ṣiṣẹ́ sí i nígbà tí wọ́n gbọ́ owó tó ga. Torí náà, tí ọ̀rẹ́ yín bá ra hẹ́dífóònù olówó ńlá tó ń búra pé òun ń gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́ rí, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Ó ń gbádùn rẹ̀ lóòótọ́. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ṣé ara awọ àti òòfà ni ìgbádùn náà ti wá, àbí ara rìsíìtì.

ṢÉ OWÓ ÀTI OHÙN JỌ Ń RÌN?

Ní 2017, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jeroen Breebaart tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìró tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìró ní Amẹ́ríkà ń gbé jáde. Ó kó àbájáde ìwọ̀n hẹ́dífóònù 283 jọ: èyí tó ń bo etí, èyí tó ń jókòó lé etí, àti èyí tó ń wọnú ihò etí. Ó wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbé ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè jáde, ó wá fi wé iye tí wọ́n ń tà á. Kò rí ìbátan láàárín méjèèjì. Ẹ kò lè wo owó hẹ́dífóònù kí ẹ fi mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe tò, ẹ kò sì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ fi mọ owó rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ Sean Olive ní ilé-iṣẹ́ Harman náà ti ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí èyí láti nǹkan bí ọdún 2012. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni irú ohùn tí àwọn èèyàn fẹ́ràn gan-an tí wọn kò bá mọ orúkọ hẹ́dífóònù tó wà lórí wọn. Ìṣòro kan wà: èèyàn lè fi ọwọ́ tàbí etí kan hẹ́dífóònù kó mọ èyí tí ó jẹ́. Wọ́n wá dọ́gbọ́n sí i. Hẹ́dífóònù kan ṣoṣo ni wọ́n fi sórí èèyàn, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà yí ohùn rẹ̀ padà kó lè dà bíi ti àwọn mìíràn. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n ohùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn jọra. Ó sún mọ́ bí sípíkà rere ṣe máa ń dún nínú yàrá tó dára.

Ẹ rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Ìwọ̀n iyọ̀ àti ata ti wà nínú ìwé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta hẹ́dífóònù dọ́là 40 lè kà á, kó sì tẹ̀ lé e, ti dọ́là 1,000 sì lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ kí ohùn tirẹ̀ yàtọ̀. Kódà ẹ lè fi equalizer tó wà nínú fóònù yín tún ohùn hẹ́dífóònù tí ẹ ti ní ṣe lọ́fẹ̀ẹ́: tí béèsì bá bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀.

Mi ò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ o. Íapíìsì tí wọ́n ń tà nínú gòsíló máa ń burú lóòótọ́. Awọ rẹ̀ lè má dọ́gba, apá òsì á máa ké ju ti ọ̀tún lọ, béèsì rẹ̀ á sì máa dún bí agolo tí wọ́n kù mọ́ ilẹ̀. Láti ibẹ̀ dé èyí tó dára díẹ̀, ìyàtọ̀ náà pọ̀ débi pé ọmọdé máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àkàbà náà ń ga tí ohun tó wà lókè rẹ̀ sì ń dín kù. Sony MDR-7506, tó ti wà lọ́jà láti 1991, kì í ju nǹkan bíi dọ́là 100 lọ. Síbẹ̀ òun ni àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò káàkiri ayé fi ń ṣiṣẹ́. Tí ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ bá fi dọ́là 100 gbọ́ ọ, kí ni èmi tó ń gbọ́ ọ nínú kéké máa fi ti dọ́là 1,000 ṣe?

Orísun orin náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ fújì tí wọ́n ti ju láti fóònù dé fóònù lórí WhatsApp títí ohùn rẹ̀ fi rẹ̀. Bluetooth pàápàá máa ń fún orin pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Orin CD ń gba nǹkan bíi kílóbíìtì 1,411 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. LDAC tí Sony ṣe fún Bluetooth kò kọjá 990, SBC tó wà nínú gbogbo wọn sì sábà máa ń mọ sí 328. Fífún yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn létí tí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn san owó fún 40,000 Hz kó sì wá fi Bluetooth gbọ́ ọ.

IBI TÍ OWÓ TI LÈ ṢIṢẸ́: ARIWO

Ní báyìí ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn òyìnbó ń kọ nípa hẹ́dífóònù, bíi pé yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni gbogbo èèyàn jókòó sí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, mọ́sálásí wà lápá kan, ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá kejì, ẹni tó ń ta orin wà ní ìta. Nínú irú ibi bẹ́ẹ̀, ohun tó dára jù tí hẹ́dífóònù lè gbé fún èèyàn ni ìdákẹ́jẹ́.

Hẹ́dífóònù tó ní noise cancelling ní gbohùngbohùn kéékèèké lára. Wọ́n ń gbọ́ ariwo tó ń bọ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì dá ohùn mìíràn tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Níbi tí ariwo ti ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, òun á máa fà á jáde. Àwọn méjèèjì á pa ara wọn. Amar Bose, onímọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT, bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lórí èyí ní 1978 nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé e láti Yúróòpù padà sí Amẹ́ríkà, torí pé ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó gbádùn hẹ́dífóònù tí wọ́n fún un. Ní 1989 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ òfuurufú. Ó di 2000 kó tó dé ọwọ́ àwa ará ìta.

Ọgbọ́n yìí ní ààlà, jẹnẹrétọ̀ wa ló sì máa fi ààlà náà hàn yín. Iná tiwa ní Nàìjíríà, 50 Hz ni. Kí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó lè gbé iná 50 Hz jáde, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní láti yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí a ń pè ní “I better pass my neighbour”, tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, máa ń jó epo lẹ́ẹ̀kan nígbà gbogbo tó bá yí. Torí náà, ìpìlẹ̀ ariwo rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 50 Hz. Ìgbì ìró tó jẹ́ 50 Hz máa ń gùn tó mítà méje, ó gùn ju ọ̀pọ̀ yàrá wa lọ. Ó ń rọra yí padà, ó sì ń tún ara rẹ̀ sọ lọ́nà kan náà, torí náà ẹ̀rọ inú hẹ́dífóònù ráyè mú un, kó sì pa á.

Ẹ wá wo igbe ọmọ. Apá kan nínú rẹ̀ ń dé 3,000 Hz. Ìgbì ìyẹn kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, ó sì ń yí padà kíákíá. Tí ẹ̀rọ bá ṣì í díẹ̀, dípò kó pa á ló máa fi kún un. Ìdí nìyẹn tí noise cancelling fi dára gan-an fún jẹnẹrétọ̀, fáànù àti ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí ẹni tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ohun tó ń dí irú ohùn òkè bẹ́ẹ̀ ni fóòmù tàbí rọ́bà tó bá dé etí pinpin, ìyẹn kò sì wọ́n rárá.

ETÍ KÒ NÍ SÍPÍÀ

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdákẹ́jẹ́? Torí ohun tí àwa èèyàn ń ṣe tí ariwo bá pọ̀ ni pé a máa ń gbé fólúùmù sókè. Tí jẹnẹrétọ̀ bá gòkè, orin náà á gòkè.

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, níbi tó rí lọ́lọ̀lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà tí wọ́n ń sọ ìró di ohun tí ọpọlọ lè lóye. Nǹkan bíi 15,000 ni a bí mọ́ etí kọ̀ọ̀kan. Tí ariwo bá pa èyíkéyìí nínú wọn, kò ní hù mọ́. Adìyẹ tí a ń pa jẹ lọ́dún lè hù tirẹ̀ padà. Ọmọ ènìyàn kò lè ṣe é.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, fi lélẹ̀ ni dẹ́síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé dẹ́síbẹ̀lì kì í pọ̀ sí i bí owó. Gbogbo dẹ́síbẹ̀lì 3 tó bá lé sí i, agbára ìró ti di ìlọ́po méjì, torí náà àkókò tí ẹ ní gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì. Dẹ́síbẹ̀lì 83, wákàtí 20 lọ́sẹ̀. 86, wákàtí 10. Tó bá fi máa dé 90, kò ju wákàtí 4 lọ ní odindi ọ̀sẹ̀. Ẹlòmíràn ń lo ìyẹn tán ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan. WHO sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan ọ̀dọ́ tó wà nínú ewu pé kí etí wọn bàjẹ́ nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin àti ariwo.

Ẹnì kan wà tí a jọ ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ọdún méjì ló fi ń ki íapíìsì sétí sùn, torí jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Etí ọ̀tún rẹ̀ ti ń hó báyìí, ó ń dún ṣíì bí omi tó fẹ́ hó lórí iná, tọ̀sán-tòru. Dókítà sọ fún un pé kó kọ́ bí yóò ṣe máa bá a gbé. Ọmọ ọdún 24 ni. Nígbà tí a bá ń kàwé pa pọ̀, ó máa ń ní kí n jókòó sí apá òsì òun.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìṣirò, ìbéèrè mi yí padà. Kì í ṣe “èwo ló dùn jù?” mọ́. Ó di “èwo ló máa jẹ́ kí n lè gbọ́ orin ní fólúùmù kékeré láàárín ariwo tí mo ń gbé?” Èyí ni owó lè rà, kò sì nílò dọ́là 400. Àwọn tó ní noise cancelling tí kò tó dọ́là 100 ti pọ̀ lọ́jà báyìí. Ti owó ńlá máa ń pa ariwo jù wọ́n lọ, àmọ́ ìyàtọ̀ náà kéré sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti íapíìsì tó ń jò. Èmi ti pinnu: èyí tó jẹ́ ìdá mẹ́rin owó yẹn ni màá rà. Ìyókù á ra bátìrì láptọ́ọ̀pù mi, tí kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ mọ́.

TÍ Ẹ BÁ FẸ́ RÀ, Ẹ ṢE BÁYÌÍ

Èkíní, ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú dán an wò, èyí tó ní gángan tàbí dùndún nínú. Ẹ gbọ́ bóyá ẹ lè tẹ̀ lé ohun tí ìlù náà ń sọ nígbà tí akọrin náà ń kọrin lọ. Tí béèsì bá gbé ọ̀rọ̀ ìlù mì, ẹ gbé e kalẹ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí fólúùmù àwọn méjì tí ẹ ń fi wéra dọ́gba. Èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ ló máa ń dà bíi pé ó dára jù, ìyẹn nìkan sì ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ẹ̀kẹta, ẹ di ojú. Kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn fún yín láìsọ èyí tí ó jẹ́ àti iye rẹ̀. Tí ẹ kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ra èyí tí owó rẹ̀ kéré, kí ẹ sì máa rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dé e fún ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú fìlà, gèlè, híjáàbù tàbí ojú dígí tí ẹ sábà máa ń lò. Èyí tó bá ń fún yín lórí, ẹ kò ní lò ó, bí ohùn rẹ̀ ṣe wù kó dùn tó. Ìrọ̀rùn wà lára ohun tí owó ń rà lóòótọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá bàjẹ́. Bátìrì aláìní-wáyà máa ń rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rọrùn láti tú. Sennheiser HD 600, tó jáde ní 1997, wáyà rẹ̀ ń yọ, fóòmù rẹ̀ ń yọ, ẹ lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Àmọ́ Ohm 300 ni, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì ní agbára tó láti gbé e dé ibi tó yẹ, tó túmọ̀ sí pé ẹ tún máa ra ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ ga. Ó tún ṣí lẹ́yìn, kò ní dí ariwo kankan. Fún ẹni tó ní yàrá tó dákẹ́ tó sì fẹ́ lo nǹkan fún ogún ọdún, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Fún ẹni tó ń wọ dánfó, kò wúlò.

Ẹ̀kẹfà, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Bí orúkọ bá ṣe lókìkí tó ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ojúlówó olówó kékeré sàn ju ayédèrú olówó ńlá lọ.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ bí etí yín ṣe wà. WHO gbé áàpù kan jáde ní 2019 tó ń jẹ́ hearWHO. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa pe nọ́ńbà fún yín láàárín ariwo, ẹ̀yin á tẹ ohun tí ẹ gbọ́, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Íapíìsì èyíkéyìí tí ẹ ní nílé ti tó fún un. Tí máàkì yín bá kéré, ẹ má lọ sí ọjà o. Ọ̀dọ̀ dókítà etí ni kí ẹ gbé owó hẹ́dífóònù náà lọ.